Àwa mẹ́ta la mọ̀ nípa ara wa: ṣé orogún ni wá?

Abẹ́kẹ́ Òkè-Àró:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àti ọkùnrin kan ti jọ ń gbé ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, tí a sì jọ ń dá owó ilé. Kí n tó kó wọlé ló ti sọ fún mi pé òun ní olólùfẹ́ mìíràn ní ìlú Oǹdó, pé obìnrin náà mọ̀ nípa mi, àti pé èmi náà lómìnira láti fẹ́ ẹlòmíràn bó bá wù mí. Mo gbà, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, obìnrin náà fọ ìró rẹ̀, ó sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ni ìyàwó onílé bá bi mí pé, "Ṣé orogún rẹ nìyẹn ni?" N kò rí èsì fọ̀. Ṣé orogún ni wá lóòótọ́? Kí sì ni ẹ̀tọ́ mi bí nǹkan bá ṣe ọkùnrin yìí?

Àgbà Ìjàpọ̀:
Àbúrò mi, ẹ kì í ṣe orogún ara yín. Orogún ni à ń pe àwọn obìnrin tí ọkùnrin kan náà dána lórí wọn, tí ẹbí sì mọ̀ wọ́n. Kò sì sí orogún tí àṣà gbà láyè láti ní ọkùnrin mìíràn níta, nígbà tí àdéhùn tiyín fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ọ. Ẹ má kánjú lọ sí rẹ́jísìrì o, torí ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin ìgbéyàwó ibẹ̀ mọ̀: bó bá fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú rẹ, tó tún wá gbé ará Oǹdó níyàwó nígbà tí tìrẹ ṣì wà, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn là sílẹ̀.

Ní ti dúkìá, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bẹ̀rù fún ọ. Bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ ni àṣà Yorùbá ń pín ogún fún, yálà ní ìdí igi (ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan) tàbí ní orí-ò-jorí (orí ọmọ kọ̀ọ̀kan). Ìyàwó tí a dána lé lórí pàápàá kì í jogún ọkọ, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ẹni tí wọn kò gbé iṣu wá tọrọ. Ọmọ tí o bá bí fún un ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, nítorí abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kò gbà kí a torí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi nǹkan dù ú.

Ọmọ Ẹkìmògún:
Abẹ́kẹ́, mo gbé irú ilé yìí fún ọdún mẹ́ta, òfin kọ́ ló tú wa ká. Ọbẹ̀ tí mo sè fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ máa ń ṣí, tí yóò sì ku ìsàlẹ̀ ìkòkò ní ọjọ́ Ajé. Mo dákẹ́, mo ń pè é ní ìfẹ́. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, kí ẹ sọ ti ọjọ́ tí yóò máa wá, ti owó oúnjẹ, àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo yín yóò máa ṣe, títí kan ẹni tí ẹ̀yin náà bá fẹ́. Ìyàwó onílé? Ẹ sọ fún un pé àlejò yín ni. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe adájọ́.

Abẹ́kẹ́ Òkè-Àró:
Mo dúpẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ rìsíìtì owó ilé wò ni: ti ọdún méjèèjì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. N ó dúró di ọjọ́ Jímọ̀ kí n tó sọ ọ́, kí obìnrin náà lè wà níbẹ̀.