Erin aṣọ ìnura: báwo la ṣe ń ká a nílé?

Ìyá Bàlíkónì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ọkọ̀. Nígbà tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, dá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ dúró ní 14 Oṣù Kẹta 2020, a ò rí erin tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fi aṣọ ìnura ká sórí bẹ́ẹ̀dì wa mọ́ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká ká a fúnra wa! Báwo la ṣe ń ṣe é tí kò fi ní wó?

Ọmọ Ìdákọ̀ró: Aṣọ ìnura ńlá kan, kékeré kan. Ẹ tẹ́ ńlá sílẹ̀, ẹ ká etí kúkúrú méjèèjì bí ẹní títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú wà lókè. Orí ìká mẹ́rin á wá dúró bí ẹsẹ̀.

Orí ló gba sùúrù. Ẹ di àárín etí gígùn kan lára kékeré mú, ẹ ká ọ̀tún àti òsì wá síbẹ̀ kó di ṣóńṣó. Ẹ yí i padà, ẹ ká ṣóńṣó náà sókè: ọwọ́jà nìyẹn. Ẹ ṣí ibi tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún etí, kí ẹ gbé e lé ara.

Bàbá Dẹ́ẹ̀kì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá ń wó, ìká rẹ̀ ló dẹ̀. Ẹ fún un pinpin. Ẹ má fi oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́, ó máa ń yọ̀.

Ìyá Bàlíkónì: Ẹ má gbàgbé awò oòrùn lójú rẹ̀ o! Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.