Ẹ bá mi wá ìwé apanilẹ́rìn-ín mìíràn nípa àwọn ará Íńdíà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka 2 States tí Chetan Bhagat kọ ní 2009: ọmọkùnrin ẹ̀yà Punjabi láti Delhi fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin ẹ̀yà Tamil láti Chennai, ni àwọn òbí méjèèjì bá fàáké kọ́rí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, pàápàá lórí ìyá ọkọ, tó gbà pé ẹ̀bùn rẹpẹtẹ ló yẹ kó ti ilé ìyàwó wá. Ìyá yìí kò ṣàjèjì sí mi rárá!

Irú rẹ̀ ni mò ń wá, bóyá ti Bengali àti Gujarati. Ẹ má dárúkọ fíìmù o, mo ti wo èyí tí wọ́n fi ìwé yìí ṣe ní 2014. Ẹ má sì fún mi ní èyí tí wọ́n ti ń sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibi ìgbéyàwó àwọn Brahmin Tamil, ìran àlùfáà Hindu, ńkọ́? Wọ́n ní ọkọ ìyàwó á gbé agboòrùn, á ní òun ń lọ sí Kashi, ìlú mímọ́ àwọn Hindu, òun ò gbéyàwó mọ́, bàbá ìyàwó á wá máa bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ṣé wọn kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni?