Màmá mi ò gbà kí n ya àwọn láìwé gèlè, mo sì ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá

Ọmọ Kákúrí (Calgary)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Àbújá, Kàdúná, Kánò, Jos, ẹ sì kú òtútù o ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi bíi tèmi. Mo ń bọ̀ nílé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ibi iṣẹ́ fún mi, èmi àtàwọn ọmọ mi méjì, ọ̀dọ̀ Màmá àti Dádì ní Kubwa l'Àbújá la máa wọ̀ sí. Mo ti ra kámẹ́rà àlòkù kan níbí pẹ̀lú léńsì 50mm, ohun tó sì wù mí ni kí n yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tí wọ́n máa ń ṣe lójoojúmọ́, Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, Dádì níbi tí wọ́n ti ń gbá rédíò létí kó lè sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó, lọ́dún 2022 tí mo wá, mi ò tíì gbé fóònù sókè tán tí Màmá á ti fọwọ́ bojú, "Ṣé o fẹ́ lọ fi han àwọn òyìnbó pé ìyá ẹ ò láṣọ ni?", wọ́n á kọrí sí yàrá, ìgbà tí wọ́n bá fi máa jáde gèlè ti wà lórí, wọ́n á wá jókòó bí ẹni tó ń dúró de adájọ́. Fọ́tò tí mo yà lé ní irínwó, bákan náà ni Màmá jókòó nínú gbogbo ẹ̀! Èyí tí mo sì yà níbi fèrèsé, ojú wọn dúdú kirikiri, èyí tí Dádì wọ agbádá funfun, agbádá nìkan lẹ máa rí, ojú ò sí ńbẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Hahaha ìyá kan náà ló bí wa! Tèmi tiẹ̀ máa ń bi mí pé ṣé wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kú ni. Mi ò bá wọn jà mọ́ o. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni kó o kọ́kọ́ yà. Tó o bá dé, lọ́jọ́ kejì sọ fún wọn pé fọ́tò ńlá lẹ fẹ́ yà, kí wọ́n wé gèlè, kí wọ́n lé tìróò, kí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, gbogbo ẹ̀ pátá. Yà á dáadáa, fi hàn wọ́n, tí wọ́n bá ti ní ó dáa, ọkàn wọn á balẹ̀ pé èyí tó máa wà lára ògiri pálọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o má gbé kámẹ́rà pa mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń tú gèlè, tí wọ́n ń ráhùn pé ó ti fún àwọn lórí jù, ibẹ̀ ni fọ́tò tó ò ń wá wà.

Bàbá Fọ́tò (Tudun Wada, Kàdúná)
Ọmọ mi, Màmá ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi níbí, ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ará Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Kákúrí, tí wọ́n bá ti gbowó oṣù ni wọ́n máa ń wá yafọ́tò tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn á jókòó, á kojú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, á ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́, bàtà sì gbọ́dọ̀ hàn, tó o bá gé ẹsẹ̀ oníbàárà kúrò, wàhálà lo fà yẹn, ó lè ní òun ò sanwó. Ipò èèyàn ni fọ́tò ayé ìgbà yẹn ń sọ, ọjọ́ orí ẹ̀, aṣọ ẹ̀, àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó o lọ ká wọn mọ́ ìdí ẹ̀wà, lójú Màmá ẹ, o jí wọn yà ni.

Kí n tiẹ̀ sọ èyí kún un kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé fọ́tò kì í ṣe nǹkan eré lọ́dọ̀ wa. Láyé ọjọ́un nílẹ̀ Yorùbá, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á wá so ó pọ̀ nínú dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, bíi pé wọ́n jọ jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Àwọn kan sì ń lo fọ́tò yẹn dípò ère ìbejì.

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Bàbá ẹ jọ̀ọ́, ara mi ti bù máṣọ. Àwọn tèmi wà láàyè o, kí Ọlọ́run bá mi dá wọn sí. Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Bàbá Fọ́tò (Tudun Wada, Kàdúná)
Àmín. Ọ̀rọ̀ ojú tó dúdú. Kámẹ́rà ò mọ Màmá, kò mọ agbádá, lójú tiẹ̀ gbogbo ohun tó bá rí ló yẹ kó dà bí eérú, kó má funfun jù kó má dúdú jù. Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá pọ̀ lẹ́yìn wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù títí fèrèsé á fi rọjú, ojú Màmá á bá a wọnú òkùnkùn lọ. Nǹkan tí agbádá funfun ṣe fún Dádì ẹ náà nìyẹn. Yí wọn padà. Kí àwọn kojú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kí ìwọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fèrèsé ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn wọn. Pa gílóòbù, torí tí iná gílóòbù bá dà pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ìta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n bí epo, ìkejì á dà bíi búlúù. Tó bá jẹ́ fóònù, ojú Màmá ni kó o fọwọ́ tẹ̀ lórí sikirínì, má tẹ aṣọ o, oòrùn kékeré kan máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fà á díẹ̀díẹ̀ títí ojú á fi mọ́. Tí Dádì bá wọ funfun, gbé wọn lọ sábẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti kàn wọ́n tààrà, ibẹ̀ lojú àti agbádá ti máa gbà fún ara wọn. Fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn tún ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá tó bá ti funfun kọjá ààlà, RAW gan-an ò lè rà á padà.

Ẹnjiníà (Gwarinpa)
Bàbá ti parí ẹ̀. Èmi á sọ ti ọyẹ́, torí ẹni tó ti pẹ́ ní Calgary lè ti gbàgbé. Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ yẹn, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni gbogbo wa máa jẹ, torí náà léńsì 50mm tó o sọ yẹn, so ó mọ́ kámẹ́rà látọ̀hún, má tú u níta títí wàá fi padà. Tí eruku bá ti bà sórí sẹ́ńsọ̀, ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú, gbogbo ojú ọ̀run tó o bá yà lá máa ní àmì tóótòòtó. Má sì fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu léńsì, yanrìn ni eruku yẹn, á ha á ni, ra rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku wá láti ọ̀hún, fẹ́ ẹ kó o tó nù ún.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà lóore tiẹ̀ o, èyí táwọn èèyàn kì í sọ. Eruku òkè yẹn máa ń ṣe bíi kọ́tìnì funfun lójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á wá rọ̀ pẹ̀lẹ́ lójú èèyàn, aago mẹ́wàá àárọ̀ tí oòrùn Oṣù Kẹta máa fi òjìji dúdú sábẹ́ ojú gbogbo èèyàn, ti ọyẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé o ò ní rí ọ̀ọ́kán. Mo gbé àwọn ọmọ mi lọ sọ́nà Kàdúná kí n lè yà wọ́n pẹ̀lú Zuma Rock, òkúta tó wà lẹ́yìn owó 100 náírà yẹn, a dúró síwájú ẹ̀ a ò rí òkúta kankan, àwọn ọmọ ní mo purọ́ fáwọn. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lo fẹ́, aago márùn-ún sí mẹ́fà ni, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:15 lóṣù yẹn, tó bá ti wọ̀ kò ní fàlẹ̀ bíi tọ̀dọ̀ yín o, ogún ìṣẹ́jú sí i, ilẹ̀ ti ṣú.

Kí gbogbo yín fi òrí pa ara kẹ́ ẹ tó yà á. Ètè tó bó àti ẹsẹ̀ tó funfun, kámẹ́rà tuntun á kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ìkan tó kù: má gbé kámẹ́rà sókè níbi tí sójà tàbí ọlọ́pàá bá ti dá ọkọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtòsí Three Arms Zone, níbi tí ilé Ààrẹ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. Tẹ́nì kan bá sì ní kó o mú dúróònù wá, a kì í ṣàdédé fò ó níbí, àṣẹ gbọ́dọ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò.

Ẹ̀gbọ́n Rayfield (Jos)
Mo fẹ́ fi kún un. Tí àwọn ará ilé yín bá jẹ́ Hausa, ẹ má kàn ya ìyàwó wọn mọ́ tiyín nítorí pé wọ́n wà lẹ́yìn nínú kọ́ḿpáǹdì o, ẹ bi ọkọ, ẹ bi obìnrin náà. "Don Allah, zan iya ɗaukar hoto?" (ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yafọ́tò?) ti tó. Èmi bi ìyá àgbà kan báyìí nígbà kan, wọ́n kọ̀ fún ara wọn, wọ́n wá gbé ọmọ ọmọ wọn mẹ́ta síwájú, wọ́n ní ìwọ̀nyí ni kí n yà, títí dòní wọ́n ṣì ń bèèrè fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò Houston
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún bá a sọ fún un kó má gbé Màmá lọ sí sítúdíò tí wọ́n máa ń "fọ" ojú. Ìkan tí a lọ ní Àbújá, mi ò ní dárúkọ wọn, a jáde níbẹ̀ màmá mi di òyìnbó, ilà ojú wọn pòórá! Ilà tí bàbá wọn kọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n ní bí gbogbo oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹnjiníà (Gwarinpa)
Fóònù náà ń ṣe é o láìbi ẹ́. Wọnú kámẹ́rà, pa gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ beauty. Portrait mode náà, èyí tó ń mú kí ẹ̀yìn èèyàn rí bàìbàì, ṣọ́ ọ, ó máa ń gé etí gèlè jẹ.

Ọmọ Kákúrí (Calgary)
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Àwọn ọmọ mi wá ńkọ́? Èyí ọmọ ọdún mẹ́rin kì í dúró lójú kan, bàìbàì ló máa ń rí.

Ìyá Ìbejì (Leeds)
Ta ló ní kó dúró? Fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì padé, sí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, tí ilẹ̀ bá ń ṣú jẹ́ kí ISO, agbára tí kámẹ́rà fi ń rí ìmọ́lẹ̀, gòkè, fọ́tò tó ní hóróhóró sàn ju èyí tó bàìbàì lọ. Kó o sì kúnlẹ̀, kí ojú ẹ àti ojú ọmọ dọ́gba, àyàfi tó bá jẹ́ àtàrí ẹ̀ lo fẹ́ kó wá rí lọ́jọ́ iwájú. Fún òun àti màmá àgbà níṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀wà tó o ń lé kiri yẹn, gbé e sáàárín àwọn méjèèjì, kí màmá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú òkúta kúrò. Màmá tó bá ń bá ọmọ ọmọ wí kì í rántí kámẹ́rà. Kí ìwọ sì jókòó sínú fọ́tò nígbà míì, gbé e fún ọmọ àgbà kó yà yín. Èmi ni mo máa ń di kámẹ́rà mú nílé wa, odidi ọdún márùn-ún ni mi ò sí nínú ẹ̀, bíi pé mo ti kúrò nílé.

Ẹnjiníà (Gwarinpa)
Lálaalẹ́ kó o kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà àti háàdì mìíràn, kí o má kó méjèèjì sínú báàgì kan náà lọ sí éápọ́ọ̀tù. Google ti ṣíwọ́ fífi fọ́tò pamọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láìlópin láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2021, 15GB lo ní, lẹ́yìn ìyẹn owó ni. Tó o bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi document, tó o bá fi í ránṣẹ́ lásán á fún un pọ̀, ẹni tó bá lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé á máa bi ẹ́ pé kí ló dé.

Bàbá Fọ́tò (Tudun Wada, Kàdúná)
Nígbà tó o bá wà níbẹ̀, yẹ àwọn álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ wò. Èyí tí ojú ìwé ẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀, ó ń jẹ fọ́tò díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá ṣì ń ṣí, ṣí i kúrò. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, má fà á rárá! Fi kámẹ́rà ẹ yà á bó ṣe wà, kọjú kámẹ́rà sí i tààrà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti ní tàn sára gíláàsì. Kó o sì bi Màmá pé ta lẹni yìí, ta lẹni yẹn, kọ ọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, má lo báírò.

Ọmọ Kákúrí (Calgary)
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé o, ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni mo kọ́kọ́ yà bẹ́ẹ ṣe wí. Odidi wákàtí kan àbọ̀ la fi múra. Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọjú síta, ọwọ́ lórí itan, bàtà hàn, mi ò gé nǹkan kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n, èyí ni fọ́tò." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè, ọmọ mi kékeré lọ gbé e dé orí ara ẹ̀, ó bò ó lójú, ó lọ forí gbá Dádì nínú, Màmá rẹ́rìn-ín tí eyín tó yọ lọ́jọ́sí fi hàn. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́jọ, ìkan péré ló dáa nínú ẹ̀. Nígbà tí mo fi han Màmá wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n ní kí n pa á rẹ́ kíá. Mi ò tíì dáhùn tí wọ́n fi ní, "Kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àǹtí ẹ l'Ọ́ffà ná."

Dádì ń bínú pé ẹ̀yìn òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀. Òtítọ́ ni, ẹ̀bi mi ni, rédíò ni mo ń wò.

Èyí tó jókòó yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́, ìwọ̀n ínǹṣì 16 lórí 20. Ta ló mọ ẹni tó ń ṣe férémù dáadáa ní Kubwa tàbí Dutse, tí kò ní gé ẹsẹ̀ Màmá kúrò?