Ìnsúlínì wà lára màmá mi, síbẹ̀ ṣúgà wọn ga. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyá Aláta, Àkúrẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màmá mi ń ta ata gbígbẹ ní Ọjà Ọba. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan jẹ́ 168 mg/dL. Wọ́n tún un ṣe, kò yàtọ̀. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ìnsúlínì, èròjà tí ara ń ṣe láti fi kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, wà lára wọn, àmọ́ ara ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́, ó sì kọ metformin fún wọn. Màmá ní bí ìnsúlínì bá wà, kí ni oògùn wà fún? Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Báwo ni mo ṣe máa là á yé wọn?

Tíṣà Báọ́lọ́jì, Oǹdó: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ata tí wọ́n ń tà gan-an ni kí ẹ fi ṣàlàyé. Bí wọ́n bá sá ata sílẹ̀, adìyẹ á máa ṣà á jẹ, kò ní tu ú, kò ní sáré wá omi. Ata kan náà ló ń jó wa lẹ́nu. Risẹ́pítọ̀ ló fà á, èròjà kékeré ara sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí i. Tiwa máa ń dá capsaicin inú ata mọ̀, á sì jíṣẹ́ fún ọpọlọ bí ẹni pé iná ni. Ti ẹyẹ kì í kà á sí. David Julius tó ṣàwárí risẹ́pítọ̀ yẹn wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2021. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnsúlínì: ó lè kún inú ẹ̀jẹ̀, bí sẹ́ẹ̀lì ò bá dá a lóhùn, ṣúgà ò ní rọ́nà wọlé. Nígbà míì risẹ́pítọ̀ á gbàṣẹ́, àwọn tó yẹ kó ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì ni ò ní dìde.

Nọ́ọ̀sì, Ìjàpọ̀: Oògùn yẹn kì í ṣe ìnsúlínì. Ó ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ara gbọ́ ti ìnsúlínì. Kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kó má baà da inú wọn rú. Kí wọ́n sì máa rìn! Iṣan apá àti itan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà, yálà ìnsúlínì pè é tàbí kò pè é. Jíjókòó nídìí ọjà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò dáa. Ẹ má fi àgbo rọ́pò oògùn, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Ìdànrè: Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́, àárín ọmọ ìka pàápàá. Tí ṣúgà bá pẹ́ lókè, ó lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀; ìṣó á gún èèyàn, kò ní mọ̀.

Ọmọ Ìyá Aláta: Ẹ ṣeun gan-an. Mo sọ ti adìyẹ fún wọn, wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń lé e nídìí ata. Wọ́n lo oògùn pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ àná. Iyán ńkọ́, ṣé kí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá?

Nọ́ọ̀sì, Ìjàpọ̀: Rárá. Kí iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Kí wọ́n padà lọ lọ́jọ́ tí dókítà dá, kí wọ́n sì béèrè àyẹ̀wò kíndìnrín pẹ̀lú.