"Ìnájàpọ̀" kọ́: ẹgbẹ́ dà nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹni tó dá "ìnájàpọ̀" sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ ("collective bargaining") ní ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Mi ò gbà. "Pọ̀" yẹn ló bà á jẹ́. Àwọn tó máa ń jọ nájà pọ̀ ni olùtà àti olùrà. Nínú ìnájàpọ̀, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ni "pọ̀" so pọ̀. Kò síbi tí a ti rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ di ọ̀kan kí wọ́n tó jókòó. Bẹ́ẹ̀, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ tún dánu dúró díẹ̀ láàárín rẹ̀: "ìnájà pọ̀". Odindi gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ mọ́.

Àdéhùn 154 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) ṣe ní 1981 lórí irú ìdúnàádúrà yìí là á kedere: lápá kan, ó lè jẹ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ wọn tàbí ẹgbẹ́ wọn, lápá kejì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ló yẹ kó hàn nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ìfẹgbẹ́dúnàádúrà" ni mo fara mọ́. Ẹ ní ó gùn. Àwọn àgbà tó fún wa ní "ìyanṣẹ́lódì" kò wá kúkúrú: wọ́n mú "yan lódì" tí gbogbo ilé mọ̀, wọ́n fi iṣẹ́ sáàárín, ẹni tó bá gbọ́ ọ sì mọ ẹni tó kọ iṣẹ́ náà.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ ọjà ni nájà; ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé "rà" náà ṣáà wà nínú dúnàádúrà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúnàádúrà ti kúrò lọ́jà tipẹ́: àwọn tó ń parí ogun ń dúnàádúrà, wọn kò ra nǹkan kan. Nájà kò tíì kúrò níbẹ̀. Ìkéde Philadelphia tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé yẹn kan náà ṣe ní 1944 sì sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ ènìyàn kì í ṣe ọjà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti kọ́ni ní Yorùbá pẹ́. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni gírámà.

Ẹ wo ibi tí "pọ̀" ti lè pani lára. Ẹgbẹ́ á ṣèpàdé, á kó ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń béèrè jọ, á yan aṣojú, á sì sọ ohun tí aṣojú lè fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti èyí tó gbọ́dọ̀ gbé padà wá sílé. Wọ́n á béèrè ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́. Ibi tó ti sábà máa ń fọ́ ni ìgbà tí ọ̀gá bá ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, tó fi nǹkan kún owó ẹni méjì, tí ohùn ẹgbẹ́ sì pín. Ìpàdé kọ̀rọ̀ yẹn náà á máa jẹ́ ìnájàpọ̀, nítorí àwọn méjì ló jọ nájà!

Àpẹẹrẹ tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fi gbè é lẹ́sẹ̀ tún wọ́: "Ìnájàpọ̀ fi ìdá 10 nínú 100 kún owó gbogbo òṣìṣẹ́, àìdọ́gba sì dínkù." Kò dínkù. Ẹni tó ń gba 100 á gba 110, ẹni tó ń gba 1,000 á gba 1,100. Àlàfo tó jẹ́ 900 ti di 990. Tí a bá fi 50 kún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, 150 àti 1,050 ni: àlàfo dúró sí 900, ṣùgbọ́n owó ẹni òkè tó jẹ́ ìlọ́po 10 ti ẹni ìsàlẹ̀ ti di ìlọ́po 7. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń béèrè iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n sì wo owó ọjà: tí ó bá fi ìdá 20 nínú 100 lọ sókè, tí owó iṣẹ́ sì fi ìdá 15 nínú 100 lọ sókè, òṣìṣẹ́ ti pàdánù ju ìdá 4 nínú 100 lọ nínú ohun tí owó rẹ̀ lè rà, bí ìwé àdéhùn tilẹ̀ ń sọ pé wọ́n fi kún un.

"Owó oṣù" tí ẹ ń lò káàkiri náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Alágbàṣe kì í gba owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń ka iye ohun tó ṣe kí wọ́n tó sanwó fún un. "Owó iṣẹ́" tàbí "owó ọ̀yà" ló kó gbogbo wọn mọ́ra. Ẹni tó bá ní owó oṣù tó, kó sọ bí àdéhùn tó kọ "owó oṣù" sínú ìwé ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó lójúmọ́.