Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ "wissen" àti "kennen"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Jámánì. Hamburg ni mo wà, mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lédè wa, "mọ̀" kan ṣoṣo ti tó: mo mọ dókítà yẹn, mo mọ̀ pé òjò máa rọ̀. Tiwọn pín sí méjì: "kennen" fún ẹni tàbí nǹkan tí a mọ̀, "wissen" fún ohun tí a mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo sọ fún ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú pé "Ich weiß den Arzt" (mo mọ dókítà náà). Ó rọra fọwọ́ kàn mí lápá, ó ní "kenne".

Mo ti wádìí "wissen". Gbòǹgbò kan náà ni òun àti "videre" ti èdè Látìn, tó túmọ̀ sí "rí". Láyé àtijọ́, "ich weiß" dà bí "mo ti rí i": ẹni tó ti rí nǹkan ló mọ̀ ọ́n. Ó wù mí gan-an! Ìrísí ọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá ló ní látijọ́; ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi "t" sẹ́yìn "er weiß" (ó mọ̀), bí wọ́n ṣe ń fi sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn. Ich weiß, du weißt, wir wissen, wusste, gewusst: gbogbo ẹ̀ ti wà lórí mi.

Ẹnu ni kò gbà á. Kí n tó ṣà nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe kọ́ ahọ́n tiyín?