Ìdáhùn: "Ẹ̀bi ibùjẹ ajá" kọ́ ni ohun tí òfin ń bi alájá

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá ránṣẹ́ ni mo ti fẹ́ fèsì, ọ̀wọ̀ ni ò jẹ́. Wọ́n ní kí á máa pe ohun tí òfin ń gbé ka alájá lórí, nígbà tí ajá rẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, ní "ẹ̀bi ibùjẹ ajá". Àwọn kan ti kí wọn kú iṣẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní òun yóò fi kún àkójọ ọ̀rọ̀ òfin tí òun ń kọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí mo bá dákẹ́, inú ìwé ni àwọn ọmọ wa yóò ti bá a, wọn yóò sì rò pé àwa tí a gbọ́ èdè ló fọwọ́ sí i.

Èyí tó rọrùn ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. "Ibùjẹ" tí ohùn àárín wà lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹran ti ń jẹun. Ibùsùn, ibùgbé, ibùdó, ibùjẹ: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yín ń sọ báyìí, ẹ̀gbọ́n, ni ẹ̀bi ọpọ́n tí ajá fi ń jẹun. Ẹ lè ní àṣìkọ ni, pé "ìbùjẹ" lẹ ní lọ́kàn. Ìyẹn náà kò tó. Ènìyàn ni ajá bù jẹ, ó sì yẹ kí ènìyàn náà hàn nínú ọ̀rọ̀: ìbunijẹ, bí a ṣe ń sọ pé nǹkan fanimọ́ra. Bí a bá yọ "ni" kúrò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ti pòórá nínú gbólóhùn, ajá nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n "ẹ̀bi" gan-an ló ká mi lára.

Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó jẹ̀bi ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe, tàbí ó kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ. Kò sí ẹ̀bi níbi tí kò sí àṣìṣe. Ẹ wá wo òfin tí a fẹ́ fún lórúkọ yìí. Lóòótọ́, òfin àtijọ́ tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì jogún lọ́wọ́ wọn, máa ń béèrè ohun kan kó tó mú alájá: ṣé ó mọ̀? Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé alájá mọ ìwà ajá rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òfin náà fún ajá ní ìbunijẹ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ajá bá ti ń fò mọ́ ènìyàn tó fẹ́ bù wọ́n jẹ, tí olówó rẹ̀ sì ń wò ó, ó ti mọ̀ nìyẹn, ì báà má tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Irú èrò yìí náà ló wà nínú Ẹ́kísódù orí 21, níbi tí màlúù tó ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó, ti yàtọ̀ sí màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bó bá jẹ́ òfin yìí nìkan ló wà láyé, mo lè gba "ẹ̀bi" láàyè díẹ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ti ṣẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà. Ìwé òfin California, abala 3342, kò bìkítà bóyá ajá náà ti burú rí tàbí bóyá alájá mọ̀. Bí ajá bá ti bu ènìyàn jẹ ní gbangba, tàbí nínú ilé tí ẹni náà wọ̀ lọ́nà tí òfin gbà, alájá yóò sanwó. Ní Jámánì, abala 833 nínú ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1900 mú ẹni tó ń sin ẹran fún ìpalára tí ẹran náà bá ṣe. Ẹran tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun nìkan ló yọ sílẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá lè fi hàn pé òun ṣọ́ra tó. Nítorí náà, ẹni tó ni ajá tó ń da àgùntàn lè bọ́ níbi tí ẹni tó ni ajá tí a fi ń ṣeré nílé kò ti ní bọ́. Ilẹ̀ Faransé, abala 1243, sọ pé ẹni tó ni ẹran tàbí ẹni tó ń lò ó ni yóò dáhùn fún un, yálà ó wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀ ni tàbí ó sá lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká mú alájá kan tó ti ilẹ̀kùn, tó so okùn mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn, tí ajá náà kò sì tíì fi eyín kan ẹnikẹ́ni rí. Okùn já, ajá bu ọmọ tó ń kọjá jẹ. Ní California, yóò sanwó ìtọ́jú àti gbà-má-bínú. Ẹ̀bi wo ló jẹ? Kò jẹ ẹ̀bi kankan, òfin gan-an kò sì sọ pé ó jẹ̀bi. Ohun tí òfin sọ ni pé láàárín ẹni tó yàn láti sin ajá àti ọmọ tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ẹni tó yàn ni kí ó ru ìnáwó náà. Bí ẹ bá pe ìyẹn ní ẹ̀bi, ẹ ti ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́, ẹ sì ti sọ òfin náà di ohun tí kì í ṣe.

Kódà, ẹ̀bi lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ajá bù jẹ. Òfin Àwọn Ẹranko ti ọdún 1971 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ìpalára náà bá jẹ́ àfọwọ́fà ẹni tó fara pa pátápátá, alájá kò ní san nǹkan kan. Ẹni tó fi igi gún ajá lójú níbi tó sùn sí, òun ló jẹ̀bi. Nínú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni "ẹ̀bi ibùjẹ ajá" yóò túmọ̀ sí, ẹ̀bi ta ni?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe ògbufọ̀ nínú kóòtù, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti rí èyí. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò fàyè gba ìmẹ́lẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní, "Má fi ẹ̀bi sí ẹnu adájọ́ tí kò sọ ọ́." Bí adájọ́ bá ní kí ènìyàn sanwó, kí n sọ pé ó ní kí ó sanwó. Mo ti rí olùjẹ́jọ́ tó gba ìdájọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí pé wọ́n ní ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì ti rí èyí tó fárígá nítorí pé ògbufọ̀ mìíràn pè é ní ẹlẹ́bi lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Owó kan náà ni àwọn méjèèjì san.

N kò sọ pé "ẹ̀bi" kò ní ipò tirẹ̀ o. Ajá tó rí ẹni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ: ẹni tó dẹ ajá sí ènìyàn jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn. Òfin Ajá Eléwu tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1991 sì wà, tó sọ ọ́ di ẹ̀sùn ọ̀daràn bí ajá bá kọjá ìkáwọ́ tó sì di ewu fún ènìyàn. Láti 2014, inú ilé alájá fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀ mọ́, bí ẹ̀mí bá sì bọ́, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 14. Níbẹ̀, ẹ pè é ní ẹ̀bi, n kò ní bá yín jà. Ẹ̀ka òfin mìíràn nìyẹn, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀.

Kí wá ni a ó máa sọ? "Gbèsè alájá" ni tèmi. Ẹnì kan ti fèsì fún mi níkọ̀kọ̀ pé gbèsè gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí ènìyàn yá. Ta ló yá ayálégbé lówó tí a fi ń sọ pé ó jẹ gbèsè owó ilé? Ta ló yá ẹni tí kò san owó orí? Gbèsè ni ohun tó wà lọ́rùn ẹni tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti gbà. Kò béèrè bóyá o ṣẹ̀ tàbí o kò ṣẹ̀, ohun tí òfin yìí sì ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn "ọ̀ràn ọrùn alájá" lè lò ó, kò burú létí mi, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀.

Ó ku ti àǹtí wa olùkọ́, tí wọ́n ní "alájá" kò tó, pé "asinjá" ni kí á lò, nítorí pé ẹni tó ń sin ajá lè má jẹ́ ẹni tó ni ín. Ní ti òfin, òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin 1971 yẹn náà mú ẹni tí ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú olórí ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá ni ẹran náà nínú ilé rẹ̀. Ó tilẹ̀ tún ní bí ajá bá sọnù tàbí tí a lé e jáde, ọrùn ẹni tó ń sìn ín tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà títí ẹlòmíràn yóò fi gbà á. Ṣùgbọ́n "asinjá", àǹtí! "Sìn" olóhùn ìsàlẹ̀ ni sísin ẹran, ó sì ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. "Sin" olóhùn àárín ni ti òkú láti ilé wá. Bí wọ́n bá pàdé nínú "asinjá", kò sí ohun tí yóò sọ fún mi pé kì í ṣe ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú ajá ni ẹ ń pè. Ẹ ní inú gbólóhùn ni a ó ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ni èyí tó ń tọrọ gbólóhùn kó tó yé ènìyàn. "Ọlọ́sìn ajá" wà nílẹ̀, tí ọ̀sìn inú rẹ̀ ṣì gbé ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ dání. Kí ló dé tí ẹ kọ̀ ọ́? Ẹ ní ó ń rùn bí oko ẹran. N kò tíì gbà, mo sì ń retí ìdí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó ń ṣe àkójọ, mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ ró lórí ojú ìwé yẹn ná.